Ìkéde Ìgbéyàwó Ṣọ́ọ̀ṣì ní Èjìgbò

Bí a bá ń palẹ̀ ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, aṣọ ẹbí, òrùka àti àkàrà òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ rò. Ìkéde kò jọ wọ́n lójú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lójú tiwa, orí rẹ̀ ni gbogbo ètò yòókù dúró lé.

Kí ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ tó dé Èjìgbò, alárinà àti àwọn àgbà ilé ni wọ́n ń ṣe ìwádìí: ṣé kò sí àrùn ìdílé, ṣé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n? Lẹ́yìn ìjọ́hẹn ni ìdána. Alẹ́ ni a ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ, pẹ̀lú rárà ìyàwó tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Ta ni yóò wá sọ pé òun kò mọ̀?

Òfin Ìgbéyàwó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Èkó ní 1884 gbé ìlànà mìíràn kalẹ̀. Òfin ti òde òní ní kí a fi orúkọ tọkọtaya lélẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọba. Lẹ́yìn ọjọ́ 21 ni ìwé ẹ̀rí tó lè jáde, kí oṣù 3 sì tó pé ni ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ wáyé. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì yóò wà ní ṣíṣí, láàárín aago 8 òwúrọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́. (Ìyàwó alẹ́ di ìyàwó ọ̀sán nìyẹn.) Ẹni tí ó bá ṣe alárédè nígbà tí ó ti fẹ́ ẹlòmíràn nílànà ìbílẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 jura.

Ibí ni ọ̀rọ̀ Èjìgbò ti le. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ìlú yìí ti ń lọ ṣòwò ní Abidjan. Ọkọ ìyàwó lè wà níbẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, kí àwọn ẹbí máa bá a ṣe gbogbo ètò nílé. Bí ó bá ní aya níbẹ̀, etí tí kò mọ nǹkan kan ni a ń kéde sí ní Èjìgbò. Ìwé Àdúrà Áńgílíkà ti rí èyí tẹ́lẹ̀: Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni a ó kéde, bí ìjọ àwọn méjèèjì bá yàtọ̀, a ó kéde ní ìjọ méjèèjì, àlùfáà kan yóò sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ èkejì kí ó tó so wọ́n pọ̀. Ìjọ Onítẹ̀bọmi kì í lo ìwé yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ní kí wọ́n má béèrè irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Kí ìwé Abidjan ti dé kí a tó ra aṣọ ẹbí.

Ẹni tí ó bá sì ní ohun kan láti sọ, kí ó tọ àlùfáà lọ ní kọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, kí ó má dúró di ọjọ́ tí ìyàwó bá ti wọ aṣọ funfun.