Gubasa

Gubasa jẹ́ ọ̀bẹ ńlá àtijọ́ ti àwọn Fọ̀n ní ilẹ̀ Dàhòmì, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Gu, òrìṣà irin tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ògún, ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. Ojú rẹ̀ fẹ̀, ó sì tẹ̀. Wọ́n sábà máa ń lu ihò ọ̀ṣọ́ sí i lára, èyí tó fi hàn pé ohun ìbọ ni, kì í ṣe ohun ìjà lásán. Gubasa wà lọ́wọ́ ère irin Gu tí Akati Ekplékendo rọ láyé Ọba Glele (1858–1889). Ère náà dé ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1894. Àwọn Ẹ̀gùn Gberefu àti Àgbádárìgì jẹ́ ìbátan àwọn Fọ̀n. Nítorí náà, bí irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ bá jáde ní etíkun wọn, kò yẹ kí a kánjú sọ pé òyìnbó olówò ẹrú ló gbé e wá.