Orí Tí Ìwé Ń Mú Gbóná: Ìtàn Àìsàn Kan Láàárín Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ayọ̀ ọjọ́ náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ka ìtàn wa. Ohun tí a kì í sábà mẹ́nu bà ni ẹrù tí ó wà lórí àwọn ọmọ díẹ̀ tí wọ́n rí àyè wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà náà. Bí ọmọ kan bá yege, gbogbo ẹbí ni ó yege. Bàbá a ta kòkó, ìyá a dá èésú, ẹ̀gbọ́n a sì fi ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kí àbúrò lè lọ. Ọmọ náà mọ̀ dájú pé bí òun bá gba ìwé ẹ̀rí tán, òun ni yóò gbé àwọn yòókù dìde. Kò sí ẹni tí ó ka èyí sí ìyà. Ìwà ọmọlúàbí ni.

Láàárín irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà ti ṣe àkíyèsí àìsàn kan. Ọmọ yóò ṣí ìwé, ohun tí ó ń kà kò ní í yé e. Ojú rẹ̀ yóò máa ṣe bàìbàì. Orí rẹ̀ yóò máa gbóná bí ẹni pé wọ́n da ata sí i, tàbí kí ó dà bí ẹni pé kòkòrò ń rìn nínú rẹ̀. Ohun tí ó kọ́ lánàá, kò ní í rántí rẹ̀ mọ́ lónìí. Àgbàlagbà tí ó bá gbọ́ àpèjúwe yìí lè sọ pé ọdẹ orí ni. Ẹlòmíràn a ní ọwọ́ ayé ni. Olùkọ́ ńkọ́? Àwọn kan nínú wọn rò pé ọ̀lẹ ni ọmọ náà, pàṣán ni wọ́n sì fi dá a lóhùn.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn onímọ̀ ni Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Arò, Abẹ́òkúta, ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ibi tí ó ti ṣiṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì. Ní 1954 ni Thomas Adéoyè Lámbò, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò: àwọn aláìsàn ń gbé ní abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn ká, ìbátan aláìsàn kọ̀ọ̀kan sì ń bá a gbé, ó ń se oúnjẹ fún un. Níbi tí wọn kò ti ya aláìsàn kúrò lára ẹbí rẹ̀, kò yani lẹ́nu pé dókítà yóò béèrè nípa ilé akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó dá orí rẹ̀ lẹ́bi.

Ní 1960 ni Prince tẹ àròkọ rẹ̀ jáde. Ó pe àìsàn náà ní “brain fag”, èyí tí í ṣe pé ó ti rẹ ọpọlọ, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ṣe ń pè é. Ní èrò tirẹ̀, ẹ̀kọ́ àwọn Òyìnbó fẹ́ kí olúkúlùkù dá ìwé tirẹ̀ kà, kí ó dá ẹrù tirẹ̀ gbé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti tọ́ ọmọ náà dàgbà pé àjọṣe ni ohun gbogbo. Èrò jíjinlẹ̀ ni. Àléébù rẹ̀ ni pé ó mú kí àìsàn náà dà bí ohun tí ó ń ṣe ọmọ adúláwọ̀ nìkan.

Olúfẹ́mi Morákinyọ̀ ti Ilé-Ifẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn ní 1980. Ó wo bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kàwé gan-an: ìtara láti yege, àìsùn, àti ohun tí wọ́n ń lò kí oorun má baà kùn wọ́n. Ta ni kò mọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń jẹ obì mọ́jú, tí ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú omi tútù, tí àtùpà ń jó níwájú rẹ̀? Àlàyé yìí wúlò fún olùkọ́ ju ti Prince lọ, nítorí pé olùkọ́ kò lè tún ẹbí tò, ṣùgbọ́n ó lè rán ọmọ lọ sùn.

Síbẹ̀, ní 1994, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi “brain fag” sínú àkójọ àìsàn tí ó jẹ́ ti àwọn ẹ̀yà kan, wọ́n sì kọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí i lọ́rùn. Kò sí mọ́ nínú àkójọ ti 2013. Oyèdèjì Ayọ̀nrìndé, dókítà ọpọlọ, ni ó tú àṣírí ibi tí orúkọ náà ti wá. Ó fi hàn pé wọ́n ti ń lò ó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, fún àwọn tí iṣẹ́ ọpọlọ wọ̀ lọ́rùn. Inú àpótí kan náà tí ìwé kíkà ti wá, ó jọ pé ibẹ̀ ni orúkọ àìsàn rẹ̀ ti wá! Ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2015 sọ pé orúkọ náà ti ń parẹ́ lẹ́nu àwọn dókítà Nàìjíríà. Àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n sábà ń pè é báyìí, wọ́n sì mọ bí a ti ń tọ́jú méjèèjì.

Òfin ni ó pẹ́ jù lọ. Òfin wèrè tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀ mọ bí a ṣe ń há ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú mọ́. Kò ní ohun kan láti sọ fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé orí ń gbóná fún òun. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari tó fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ó rọ́pò rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, Yunifásítì Ìbàdàn ti dá ibùdó kan sílẹ̀ fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò tọ́jú wọn.