Opó, Dálémosú àti Èsúsú: Níbo Ni Owó Ìtọ́mọ Ti Ń Wá?



Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú ni Yorùbá ń pè ní opó. Èyí tí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkọ padà sílé bàbá rẹ̀ ni dálémosú. Ẹ̀gàn wà nínú orúkọ kejì yìí, síbẹ̀ ó fi hàn wá pé ilé kan ń bẹ tí obìnrin náà lè padà sí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí: nígbà tí ọkọ bá kú, tàbí tí ìgbéyàwó bá túká, níbo ni ìyá ti ń rí owó tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀?

Kí a kọ́kọ́ rántí pé obìnrin Yorùbá kì í jókòó lásán. Ó ń rẹ aró, ó ń fọ epo, ó ń mọ ìkòkò, ó ń na ọjà láti ìlú dé ìlú. Èrè òwò rẹ̀, tirẹ̀ ni; kì í ṣe ti ọkọ. Nítorí náà, oúnjẹ nìkan kọ́ ni ìṣòro ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá wà. Bí owó òwò rẹ̀ kò ṣe ní run sórí ìnáwó tí ó já lù ú lójijì ni ìṣòro tí ó tóbi jù.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí opó. Ní àkókò ọ̀fọ̀, kò gbọdọ̀ jáde lọ sọ́jà, ọjọ́ tí kò bá sì lọ sọ́jà, ọjọ́ tí kò pa owó ni. Lẹ́yìn ọ̀fọ̀ ni ẹbí yóò ṣú u lópó fún ọ̀kan nínú àwọn ará ilé ọkọ, kí ó má baà di ẹni tí kò ní alábòójútó. Àgbà obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ti gbọ́njú a máa jókòó ti ọmọ. Aya kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ọmọ ni ó ń jogún, ipasẹ̀ ọmọ sì ni ìrànlọ́wọ́ fi ń dé ọ̀dọ̀ ìyá. Ọ̀nà méjì ni a ń gbà pín ogún: orí-ò-jorí, èyí tí a fi ń pín in fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́gbọọgba, àti ìdí-igi, èyí tí a fi ń pín in gẹ́gẹ́ bí iye aya tí ó bímọ. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, olóògbé fi aya mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ní ọdún 1958, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ dájọ́ pé ìdí-igi ni àṣà tí ó gbilẹ̀, Privy Council ní London sì fara mọ́ ọn ní ọdún 1962. Èyí túmọ̀ sí pé ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin bí fún ọkọ rẹ̀ ni yóò gba odindi ìpín ti ìdí ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti dálémosú le ju èyí lọ. Nígbà tí ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ gbilẹ̀ lábẹ́ ìjọba àwọn òyìnbó, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ jọjọ. Àwọn adájọ́ a máa pàṣẹ pé kí a dá owó orí tí ọkọ san padà fún un. Bí ọkùnrin tuntun bá wà, òun ni yóò san án. Bí kò bá sí, ọrùn obìnrin náà àti ẹbí rẹ̀ ni gbèsè bọ́ sí. Bàbá ni àṣà sì ka ọmọ sí. Ní ọjọ́ tí ìyá nílò owó jù lọ, ọjọ́ náà gan-an ni a ní kí ó wá san owó.

Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Owó orí ni a ń pe owó tí a fi ń fẹ́ ìyàwó. Owó orí náà ni a ń pe èyí tí ìjọba ń gbà. Láti ọdún 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá: ṣílè márùn-ún lọ́wọ́ ọkùnrin, ṣílè méjì ààbọ̀ lọ́wọ́ obìnrin. Ẹni tí ó ní ọkọ san án, ẹni tí kò ní ọkọ san án. Ìyà yìí wà lára ohun tí Funmilayo Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta dìde sí ní ọdún 1947. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Ademola fi orí ìtẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì dá owó orí àwọn obìnrin dúró.

Kí ni ó wá ń gba ìyá bẹ́ẹ̀ là? Èsúsú ni. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde ní ọdún 1843. Samuel Johnson náà ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní ọdún 1897, tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1921. Bí obìnrin méjìlá bá ń dá ṣílè kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, ẹnì kan yóò máa kó ṣílè méjìlá lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kárí. Kò sí èlé lórí rẹ̀. Ẹni tí ìṣòro dé bá lè bẹ olórí èsúsú kí ó jẹ́ kí òun kó tòun ṣáájú. Ẹ fi èyí wé ti sógùndógójì tí ń sọ ogún di ogójì. Ẹ sì fi wé ìwọ̀fà, níbi tí ọmọ ti ń ṣiṣẹ́ fún olówó láìjẹ́ pé kọ́bọ̀ dín nínú gbèsè. Iṣẹ́ náà ni èlé. Ìyá tí ó bá ní èsúsú kò ní fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Àwọn èèyàn wa tí a kó lẹ́rú gbé èsúsú kọjá òkun. "Susu" ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí di òní.

Òfin ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Òfin ìtúká ìgbéyàwó ti ọdún 1970 fún ilé ẹjọ́ ní agbára láti ní kí ọkọ máa san owó ìtọ́jú, ṣùgbọ́n kò ka ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti ti Mùsùlùmí mọ́ ọn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní ọdún 2007, sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ bí agbára wọn bá ṣe mọ, a sì lè gba ẹ̀tọ́ náà ní ilé ẹjọ́.

Àwọn àgbà ní ẹnì kan ní ń bímọ, igba ènìyàn ní ń wò ó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní kí a padà sí àṣà, kí ó sọ èyí tí ó ń wí: ṣé èsúsú tí ó fún ìyá lówó ni, tàbí owó orí tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?