Ta Ni Yóò Ṣọ́ Iná Bí Onílé Bá Lọ Sájò?

Àwọn baba wa ló sọ ọ́ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí oorun lásán bá léwu tó bẹ́ẹ̀, kí ni ká ti wí nípa ẹni tó fi iná sílẹ̀ nínú ilé, tó ti ìlẹ̀kùn pa, tó sì gba ọ̀nà àjò oṣù kan lọ?

Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ yìí ò ta kókó nílẹ̀ Yorùbá. Agbo-ilé kì í ṣófo. Bí ẹnì kan bá roko, ẹlòmíràn wà ńlé. Iná ìdáná nìkan ló wà láti ṣọ́. Bó bá sì kú, ọmọdé á sáré lọ mú iná lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ní ti ìtura, ògiri amọ̀ tó nípọn àti òrùlé koríko ló ń ṣe é fún wa. Ooru ọ̀sán á pẹ́ kó tó wọlé, àgbàlá àárín ilé á sì jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ bí onílé wà, wọ́n ń ṣiṣẹ́ bí kò sí.

Ọ̀dọ̀ àwọn tí òtútù ń bá fínra lọ̀ràn náà ti le. Bí iná ilé bá kú lọ́dọ̀ wọn nígbà òtútù, omi inú páìpù á dì. Bó bá sì jó ju bó ṣe yẹ lọ, ilé lè jóná. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí ni ti bí wọ́n ṣe wá mẹgáàdì kan tí kì í sùn, tí kì í sì í gba owó oṣù.

Ọ̀rọ̀ ẹyin adìyẹ ló wà nídìí rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì kan wà tó ń jẹ́ Cornelis Drebbel, tí wọ́n bí ní ọdún 1572, tó lọ ṣiṣẹ́ fún Ọba James Kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣe ààrò kan tí ẹyin lè di òròmọdìyẹ nínú rẹ̀ láìsí àgbébọ̀ tó sàba lé e. Ẹyin kò fẹ́ ooru àpọ̀jù, kò sì fẹ́ òtútù. Ni Drebbel bá fi ọtí líle àti mercury sínú ọ̀pá onígíláàsì. Bí ooru bá pọ̀, ọtí á wú, á ti mercury sókè. Mercury á gbé ọ̀pá kékeré kan, ọ̀pá náà á sì dé ojú ihò èéfín. Iná tí kò rí atẹ́gùn fà á rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Bí ibẹ̀ bá tún tutù, ihò á ṣí, iná á sọjí. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ńlá ni! Òyìnbó ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní thermostat. Èmi ó máa pè é ní aṣọ́ooru, bí a ti ń pe ẹni tó ń ṣọ́ ibodè ní aṣọ́bodè.

Ó ju igba ọdún lọ lẹ́yìn náà kí aṣọ́ooru tó wọ yàrá èèyàn. Olùkọ́ kan, Warren Johnson, ń kọ́ni nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Whitewater, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń tọ́jú iná ilé-ìwé ní láti máa ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn láti mọ̀ bóyá ó móoru tàbí ó tutù, kó tó padà lọ tún iná ṣe nísàlẹ̀ ilé. Ìyẹn á sì máa dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ní 1883, Johnson gba àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ kan tó ń fi iná mànàmáná lu aago fún ẹni tó wà nídìí iná, kó lè mọ̀ pé ooru ti yí padà. Ojú ni ẹ̀rọ yìí. Ọwọ́ èèyàn ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò ju ọdún méjì lọ tí Albert Butz, ní ìlú Minneapolis, fi ṣe tirẹ̀ tó ń ṣí ojú atẹ́gùn iná, tó sì ń dé e, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Nígbà tó yá, wọ́n so aago mọ́ ọn kó lè dín ooru kù lóru.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé òyìnbó ló ní nǹkan wọ̀nyí o. Àwọn àgbà wa tó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì mọ̀ ọ́n dáadáa. Èédú, sítóòfù oníkẹrosíìnì, tàbí iná gáàsì tó ń gbé ṣílè mì ni púpọ̀ nínú wọn fi ń yá yàrá. Bí ṣílè bá tán, iná á kú fin-ín. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ gan-an ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá 1962, òtútù náà ò sì jẹ́ kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mí títí di oṣù Kẹta 1963. Kò tíì sí irú rẹ̀ níbẹ̀ láti 1740. Páìpù omi dì káàkiri. Bí omi bá di yìnyín, 100 lítà rẹ̀ á fẹ̀ tó 109. Páìpù ò lè gba ìyẹn, ṣe ló máa ń là. Ọjọ́ tí yìnyín náà bá yọ́ ni onílé tó ti àjò dé máa tó rí i pé àjà ilé ti wó, bẹ́ẹ̀dì sì ti di odò.

Owó epo ló tún wá dá kún un. Nígbà tí àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá dá epo dúró ní 1973, Ààrẹ Nixon bẹ àwọn ará Amẹ́ríkà pé kí wọ́n dín ooru ilé kù sí nǹkan bí ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní oṣù Kejì 1977, Ààrẹ Carter wọ súwẹ́tà jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí wọ́n fi í sí nǹkan bí 18 lọ́sàn-án àti 13 lóru. Owó epo kan náà tó ń fún wọn lọ́rùn lọ́hùn-ún ló ń kún àpò ìjọba wa níhìn-ín. Ayé nìyẹn!

Àwọn kan máa ń jiyàn pé ó sàn kéèyàn fi ooru sílẹ̀ bó ṣe wà, pé àtiyá ilé tó ti tutù ló ń jẹ owó jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé dà bí agbè tó ń jò: bí omi inú rẹ̀ bá ti pọ̀ tó ló ń jò tó. Ilé tí ooru rẹ̀ kéré kì í pàdánù púpọ̀. Ẹni tó ń rìnrìn àjò yẹ kó dín in kù, ṣùgbọ́n kó má pa á pátápátá nígbà òtútù. Ìwọ̀n 12 tàbí 13 ni wọ́n sábà máa ń dá lábàá. Níbi tí ooru àti ọ̀rinrin bá sì pọ̀ bíi Florida, bí ẹ̀rọ amúlétutù bá kú pátápátá, aṣọ àti ìwé á bu nínú ilé títì. Ìyẹn ni wọ́n fi ń jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ní 2011, ilé-iṣẹ́ Nest ní Amẹ́ríkà gbé aṣọ́ooru kan jáde tó ń fúnra rẹ̀ mọ̀ bí kò bá sí ẹni tó ń rìn nínú ilé, tó sì ń dín ooru kù. Lónìí, èèyàn lè jókòó sí Ìbàdàn kó fi fóònù pàṣẹ fún ilé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Èyí kan àwọn ará wa gbọ̀ngbọ̀n, nítorí oṣù Kejìlá tí wọ́n ń wálé wá ṣọdún ni òtútù ń le lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá tìtorí owó gáàsì pa gbogbo rẹ̀ lè padà bá omi nínú pálọ̀, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò mìíràn kì í sanwó fún ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú òtútù.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ẹ̀rọ yìí ò tíì lè ṣe. Ó lè fi fóònù kígbe pé ilé ń tutù, pé iná ti kú. Kò lè dìde lọ ti ẹnu páìpù. Ó ti rọ́pò ojú tó ń ṣọ́ iná. Kò rọ́pò ọwọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa lókè òkun, kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ ti omi níbi tó ti ń wọlé, ẹ fi ooru díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ kan sọ́wọ́ aládùúgbò tó ṣeé fọkàn tán. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ jẹ́ kí ilé wà tí ẹ ó padà sí.