Ìpalẹ̀mọ́: Ọ̀rọ̀ Kan Láàrin Oko àti Ilé-Ìwòsàn

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ó yẹ kí a wo iṣẹ́ dáadáa kí a tó fún un ní orúkọ ní èdè Yorùbá. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí a jọ wò lónìí ni ohun tí a ń ṣe kí a tó ṣí ohun alààyè kúrò ní àyè kan lọ sí òmíràn. Àgbẹ̀ ń ṣe é, dókítà náà sì ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, conditioning, ni àwọn onímọ̀ ń lò fún méjèèjì, ibẹ̀ gan-an ni ewu sì wà fún ògbufọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti oko bẹ̀rẹ̀. Ní Ìbà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù tí wọ́n jọ múlé gbe ara wọn, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, a kì í gbin ata bí a ti ń gbin àgbàdo. Ojú kan ni a ó kọ́kọ́ fọ́n irúgbìn rẹ̀ sí. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, a ó lọ́ ọ. ‘Lọ́’ yìí kì í ṣe ti ká lọ́ okùn. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni kí a hú ọmọ irúgbìn, kí a sì tún un gbìn sí ibòmíràn.

Kòkó ni ó sọ irú iṣẹ́ yìí di ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń kọ́ àgbẹ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Èkó bí J. K. Coker ń gbin kòkó ní Agége, ó sì ti ibẹ̀ tàn wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ìgbà náà a máa gbin hóró kòkó tààrà sínú oko. Ní 1944 ni ìjọba amúnisìn dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Tafo, ní Gánà òde òní. Ní 1964 ni ẹ̀ka rẹ̀ ní Nàìjíríà di CRIN, tí olú-ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìdí-Ayunrẹ́, nítòsí Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ nọ́sìrì wà lára ohun tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tàn kálẹ̀: inú àpò ọ̀rá ni kòkó yóò ti hù, lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ, fún bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí òjò bá ti ń súnmọ́, a ó máa ṣí imọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn lè mọ́ ọn lára, a ó sì dín omi rẹ̀ kù. Ìdí rẹ̀ ni pé gbòǹgbò a máa fara pa nígbà ìlọ́, bẹ́ẹ̀ ewé kò dẹ́kun àtimáa pàdánù omi. Ewé tí ìyà díẹ̀ ti mú le ni yóò yè é.

Ẹ jẹ́ kí a wá gba ilé-ìwòsàn lọ. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni yóò mú wa débẹ̀, nítorí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Yorùbá. Inú mùdùnmúdùn eegun ni ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣẹ̀dá. Bí a bá rí mùdùnmúdùn ẹlòmíràn gbìn sí ara aláìsàn, tí ó sì ta gbòǹgbò, ẹ̀jẹ̀ tuntun ni yóò máa jáde. Ní 1957 ni E. Donnall Thomas àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn nípa aláìsàn mẹ́fà tí wọ́n fún ní mùdùnmúdùn ẹlòmíràn. Kò sí èyí tí ó yè pẹ́ nínú wọn. Thomas kò jáwọ́, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1990. Ní 1984, àwọn dókítà St. Jude ní Memphis kéde pé ọmọbìnrin kan tí wọ́n torí àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ṣe irú ìtọ́jú yìí fún bọ́ lọ́wọ́ fòníkú-fọ̀ladìde pẹ̀lú. Ní 2011, ilé-ìwòsàn Yunifásítì ìlú Benin ṣe é fún ọmọdékùnrin kan, ní orílẹ̀-èdè tiwa níhìn-ín.

Kí ni wọ́n ń ṣe kí mùdùnmúdùn tuntun tó wọlé? Oògùn líle bíi busulfan àti cyclophosphamide, tàbí ìtànṣán alágbára, ni wọ́n fi ń pa mùdùnmúdùn àtijọ́ run kí àyè lè ṣí sílẹ̀, kí àwọn ọmọ-ogun ara má sì lé àlejò jáde. Irun lè re, ẹnu lè bó, ààbò ara yóò lọ sílẹ̀, àtirọ́mọbí sì lè di ìṣòro lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni! Ọmọ kòkó tí ń rìnrìn-àjò ni àgbẹ̀ ń mú le. Ilẹ̀ tí yóò gbàlejò ni dókítà ń ṣán. Bí ògbufọ̀ bá sọ fún ìyá aláìsàn pé oògùn náà ‘yóò fún ọmọ rẹ lókun’, irọ́ ni ó pa láìmọ̀. Ìyá náà yóò fọwọ́ sí ìwé, yóò máa retí okun, àìlera ni yóò sì kọ́kọ́ rí.

Àmọ́ èdè wa kò tálákà. Àgbẹ̀ kan náà tí ń lọ́ irúgbìn ni ó ń ṣán igbó. Nítorí náà, mo dábàá ‘ìmúle’ fún ti nọ́sìrì, àti ‘ìpalẹ̀mọ́’ fún ti ilé-ìwòsàn. Ẹ tú u wò: ì-pa-ilẹ̀-mọ́. Ilẹ̀ wà nínú rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kí a wá fi gbólóhùn kan kún un: ‘A ó kọ́kọ́ ṣán ohun tí ó wà níbẹ̀ kúrò, kí a tó gbin tuntun, yóò rẹ̀ ẹ́ gidigidi kí tuntun tó ta gbòǹgbò.’

Ọ̀rọ̀ yìí gba ìdàgbàsókè mọ́ra pẹ̀lú. Ní 2009, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn lo ìpalẹ̀mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ fún àgbàlagbà mẹ́wàá tí wọ́n ní fòníkú-fọ̀ladìde. Mùdùnmúdùn tuntun dúró lára mẹ́sàn-án, òun àti ti àtijọ́ sì jọ ń gbé pọ̀. Ẹni tí ó bá ti gbin kòkó rí kò ní bèèrè àlàyé: kì í ṣe gbogbo igi ni a ń gé lulẹ̀, a máa ń fi àwọn ńlá sílẹ̀ kí wọ́n ṣíji bo ọmọ kòkó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju èyí lọ, ẹ mú un wá. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ, ẹ kọ́kọ́ wo ilé.