Àwọn Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Yẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Ra Jíìpù Olówó Ńlá Tòkunbọ̀ ní Ore àti Odigbo

Ore, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo, wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin, níbi tí ọ̀nà Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ti ya. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kòkó àti oníṣòwò pákó ní agbègbè yìí ni ó fẹ́ràn jíìpù tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fa ọkọ̀, nítorí pé ọ̀nà abúlé máa ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti dàgbà, owó rẹ̀ a máa wálẹ̀. Owó àtúnṣe rẹ̀ kì í bá a wálẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a wá àbùkù ọkọ̀ rí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni.

Ìwé ọkọ̀

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni Ìjọba Àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá gba Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdí-Ìrókò wọlé láti Kútọnu lẹ́yìn ìgbà náà kò lè ní ojúlówó ìwé owó ibodè. Àwọn aṣọ́bodè lè gbẹ́sẹ̀ lé e, bí ẹni tí ó rà á kò tilẹ̀ mọ ìtàn rẹ̀. Ẹ mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì Àjọ Aṣọ́bodè fún ìyẹ̀wò kí ẹ tó sanwó.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ jẹ́ ẹyọ 17. Ẹ wò ó lábẹ́ gíláàsì iwájú, lẹ́bàá ilẹ̀kùn awakọ̀ àti lára ṣáàsì. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu, kí ó sì bá ìwé mu. Ti Range Rover máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SAL, ti Lexus GX àti LX pẹ̀lú JT. Lára ọkọ̀ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹyọ kẹwàá ni ó ń sọ ọdún: 9 dúró fún 2009, A fún 2010, B fún 2011.

Ọkọ̀ tí omi ti bò rí

Ìjì Harvey tí ó jà ní Houston ní oṣù kẹjọ ọdún 2017 ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́, àgbàrá òjò sì ń ba ti ilé wa náà jẹ́. A lè fọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí a tún un kùn, kí ó máa dán. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán. Ìlà ẹrẹ̀ lè wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ẹ wo bóyá ìpẹtà wà lára bóòtù ìjókòó àti ẹnu wáyà.

Ẹ́ńjìnnì

Ẹ sọ fún olùtajà pé kí ó má ṣe dáná sí ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Ariwo ṣéènì àti èéfín máa ń hàn jù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Èéfín aláwọ̀ búlúù fi hàn pé ọkọ̀ ń jó ọ́ìlì; èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lè jẹ́ àmì pé omi ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn.

Lexus GX 470 àti LX 470 ń lo bẹ́líìtì rọ́bà nínú ẹ́ńjìnnì, tí ó yẹ kí a pààrọ̀ ní nǹkan bí 90,000 máìlì, èyí tí í ṣe kìlómítà 145,000. Ẹ béèrè ẹ̀rí pé a ti pààrọ̀ rẹ̀. Ṣéènì ni LX 570 ń lò.

Ṣọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́

Orí àpò afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ Range Rover dúró lé. Ẹ gbé e sókè, ẹ pa á, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Bí igun kan bá rẹlẹ̀, afẹ́fẹ́ ń jò níbẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ yóò sì máa ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ.

Wíwa ọkọ̀ wò

Ẹ wà á lójú márosẹ̀, kí ẹ sì tún wà á lójú ọ̀nà eléruku. Ẹ fi gíà ńlá àti gíà kékeré ti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i. Kò yẹ kí ó han tàbí kí ó já. Bí a bá ṣíná ọkọ̀, àwọn iná ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti dáná. Iná tí kò tàn rárá lè jẹ́ èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ pa. Kí mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ ìyẹ̀wò kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò kí ẹ tó jáde àti nígbà tí ẹ bá padà dé, nítorí pé a lè ti pa àṣìṣe inú rẹ̀ rẹ́ kí ẹ tó dé.

Ìsanwó

Mẹkáníìkì tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá ni kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ti olùtajà. Ẹ san owó gba ilé ìfowópamọ́, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì yí orúkọ orí ìwé ọkọ̀ padà sí tiyín. Olùtajà tí kò bá gbà kí a yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò, ẹ fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.