Òfo Kì í Ṣe Ìdákẹ́: Ìtàn Bí Géèjì Àtijọ́ Ṣe Dé Inú Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ ohun kan nípa ìtàn sínú ìwé ọjọ́ òní, mo mọ̀ pé ìtàn ìlú tàbí ti ọba ni ọ̀pọ̀ yóò máa retí. Irin ni mo fẹ́ pa ìtàn rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ wa níhìn-ín ní Kaduna, agbo ilé tí owó ilé-iṣẹ́ kò tọ́ ọmọ rẹ̀ kò pọ̀. Bí kì í bá ṣe reluwé, ilé-iṣẹ́ aṣọ ni. Bí kì í bá ṣe aṣọ, ilé ìfọpo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1980 ni. Géèjì ni bàbá ń wò lẹ́nu iṣẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà ni ọmọ ń wò lónìí. Ó yẹ kí a mọ ẹni tó ṣe afárá tó wà láàárín àwọn méjèèjì, àti ibi tí afárá náà ti lè já.

Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ ìjọba láyé tiwa yóò rántí ohun tí à ń pè ní “nil return”. Bí oṣù bá parí, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ránṣẹ́ sí olú iléeṣẹ́. Bí kò bá sí nǹkan kan láti sọ, wọn kò gbà kí o dákẹ́. O ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan kan, kí o sì fọwọ́ sí i. Àwọn akọ̀wé kéékèèké máa ń sọ pé ìfi-bébà-ṣòfò ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ka kan bá dákẹ́, báwo ni ọ̀gá yóò ṣe mọ̀ bóyá àlàáfíà ló wà níbẹ̀, tàbí ìwé ló sọnù lọ́nà, tàbí ẹni tó ń kọ ọ́ ló wà lórí àìsàn? Òfo kì í ṣe ìdákẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn ẹ̀ńjìnnìà ti ń bá yí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbé ìwọ̀n láti ibì kan dé ibòmíràn.

Ní ọdún 1849, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Eugène Bourdon gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí géèjì kan tó ṣe ní Paris. Páìpù tín-ín-rín ni, tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì ká kọ́rọ́ bí ìkọ́. Bí atẹ́gùn tàbí ooru omi bá ń tì í nínú, yóò fẹ́ nà tààrà, bó sì ti ń nà bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fa ọwọ́ géèjì lọ. Kò lo iná, kò lo bàtìrì. Irú rẹ̀ ló wà níwájú ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú irin elédùú tó gbé ọ̀pọ̀ bàbá wa wá sí Òkè Ọya. Irú rẹ̀ kan náà ló wà lára ẹ̀rọ atẹ́gùn fọkanáísà tó wà ní ìkóríta di òní olónìí. Àbùkù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: dandan ni kí ènìyàn dúró níwájú rẹ̀ kí ó tó lè sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ wá di ńlá, tí tánkì kan wà ní ìlà-oòrùn tí ìléru wà ní ìwọ̀-oòrùn, kò sí ẹni tó lè máa fi ẹsẹ̀ rìn yí gbogbo géèjì ká. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìròyìn wọn jọ sí yàrá kan ṣoṣo. Atẹ́gùn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, nínú páìpù tín-ín-rín. Bí a bá fi ìwọ̀n tí fọkanáísà fi ń wọn táyà wọ̀n ọ́n, 3 ni wọ́n fi dúró fún òfo, 15 ni wọ́n fi dúró fún ẹ̀kún. Kí ló dé tí òfo kò fi jẹ́ 0? Nítorí pé bí páìpù bá bẹ́, atẹ́gùn inú rẹ̀ yóò já wá sí 0. Ẹni tó wà ní yàrá yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé 3 túmọ̀ sí “tánkì ti gbẹ”, àmọ́ 0 túmọ̀ sí “èmi gan-an ni mo kú”. Ẹ rí i pé “nil return” náà nìyẹn, nínú páìpù.

Atẹ́gùn kò yára, bí ọ̀nà bá sì ti jìn, ìròyìn a máa pẹ́ kó tó dé. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún iná mànàmáná. Ìwọ̀n iná tí wọ́n yàn kéré gan-an: bí a bá pín ámpù kan sí ọ̀nà 1,000, mẹ́rin nínú rẹ̀ ni òfo, ogún nínú rẹ̀ ni ẹ̀kún. Èyí ni wọ́n ń pè ní 4–20 mA, tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìwọ̀n ní Amẹ́ríkà sọ di òfin iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1970. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: 15 jẹ́ ìlọ́po márùn-ún 3, 20 sì jẹ́ ìlọ́po márùn-ún 4. Ọgbọ́n àtijọ́ kan náà ni wọ́n gbé wọ inú wáyà. Mẹ́rin yẹn tún ń bọ́ ẹ̀rọ ìwọ̀n náà fúnra rẹ̀, débi pé wáyà méjì péré ló ń gbé oúnjẹ lọ tó sì ń gbé ìròyìn bọ̀. Bí ẹnì kan bá já wáyà, 0 ni yàrá yóò rí, wọn yóò sì rán ènìyàn lọ wò ó. Lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa ilé-iṣẹ́, kò sí èyí tó mọ́gbọ́n dání tó báyìí tí owó rẹ̀ sì kéré tó báyìí.

Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ń dàgbà lọ́wọ́ ní àkókò kan náà. Ní ọdún 1969 ni èyí tí wọ́n ń pè ní Modicon 084 dé ọ̀dọ̀ General Motors, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò. Nígbà tó di ọdún 1979, wọ́n fún irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní èdè kan tí wọn yóò máa fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, Modbus. Èdè náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í bi ẹni tó ń sọ ọ́ léèrè pé ta ni ọ́. Ìṣòro tó kù ni pé wáyà 4–20 kò lè gbé ju nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ. Kò lè sọ orúkọ ẹ̀rọ tó wà ní ìdí rẹ̀, kò sì lè sọ bóyá ara rẹ̀ le. Kọ̀ǹpútà ń béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣé kí a wá hú gbogbo wáyà tó wà nílẹ̀ ni? Ilé ìfọpo kan lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ ìwọ̀n, ọjọ́ tí wọ́n bá sì pa iṣẹ́ dúró láti hú wọn, owó ló ń ṣòfò.

Ibí yìí ni Rosemount, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, ti dá ọgbọ́n kan ní àwọn ọdún 1980. Àwa tí èdè wa ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, tí a sì mọ bí gángan ṣe ń sọ̀rọ̀, kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti lóye rẹ̀. Wọ́n fi ohùn méjì lé orí iná 4–20 tó wà nínú wáyà tẹ́lẹ̀: ohùn ìsàlẹ̀ tó ń gbọ̀n ní ìgbà 1,200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan dúró fún 1, ohùn òkè tó ń gbọ̀n ní ìgbà 2,200 dúró fún 0. 1 àti 0 yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Bí ohùn náà ti ń gbé iná sókè bẹ́ẹ̀ ló ń gbé e wálẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, nítorí náà kì í da nọ́ńbà àtijọ́ rú. Wáyà kan náà, ìròyìn méjì. HART ni wọ́n pe èdè yìí. Wọ́n gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn máa lò ó, nígbà tó sì di ọdún 1993, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ fún àbójútó rẹ̀. Gbogbo wáyà tí àwọn bàbá ti rì mọ́lẹ̀ wúlò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó kàn jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, ẹ̀rọ tó wà ní yàrá kò ní etí tó lè gbọ́ ohùn kejì yìí. Sẹ́ńsọ̀ ń ké pé “ara mi kò yá” fún ọdún mélòó kan, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Àwọn mìíràn fẹ́ kí á pa 4–20 rẹ́ pátápátá, kí èdè kọ̀ǹpútà nìkan ṣẹ́ kù. Wọ́n bá ara wọn jà lórí èdè ta ni yóò borí, ìjà náà sì gba ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí òfin àgbáyé lórí rẹ̀ jáde nígbẹ̀yìn, ní ìparí ọ̀rúndún tó kọjá, oríṣi èdè mẹ́jọ ló wà nínú ìwé kan náà. Àwa tí a ti ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ mọ irú ìlàjà yẹn: gbogbo ẹni tó bá ń jà ni a ó fi joyè.

Ní ọdún 1996, ìlànà OPC jáde, tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lè gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ oríṣiríṣi ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń bá ẹlẹ́rìí méjì rìn: àkókò tí wọ́n kà á, àti bóyá ó ṣeé gbà gbọ́, ó mú iyè méjì dání, tàbí kò dára. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1999, Andy Stanford-Clark àti Arlen Nipper ṣe MQTT fún àwọn páìpù epo tí ìròyìn wọn ń gba ojú sátẹ́láìtì, níbi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń náni lówó. Nínú èyí, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa ń kọ ìwé ìhágún rẹ̀ sílẹ̀ ní kété tó bá wọlé: “Bí ẹ kò bá gbúròó mi mọ́, ẹ sọ fún gbogbo ayé pé mo ti lọ.” Láti orí 3 inú páìpù títí dé orí ìwé ìhágún yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Síbẹ̀ “nil return” nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí á dé Buncefield, ní agbègbè Hertfordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ń tọ́jú epo sí. Ní alẹ́ ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún 2005, wọ́n ń da epo pẹtiróòlù sínú tánkì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 912. Nígbà tó kọjá aago mẹ́ta òru díẹ̀, géèjì tó wà lórí tánkì náà há. Wáyà kò já. Kọ̀ǹpútà kò kú. Ó ń fi nọ́ńbà kan náà hàn ṣáá pé tánkì kò tíì kún, bẹ́ẹ̀ epo ń wọlé lọ. Swíìṣì kejì tó yẹ kí ó dá epo dúró kò ṣiṣẹ́. Kí aago mẹ́fà tó lù, epo ti ń ya sílẹ̀ láti orí tánkì, ó ju líta 250,000 lọ, ó sì ti di kùrukùru. Nígbà tó lu aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú kan, ó gbiná. Ènìyàn 43 fara pa, ṣùgbọ́n nítorí pé àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni, kò sí ẹni tó kú. Àwọn tó ṣe ìwádìí rí i pé géèjì náà ti há ní ìgbà 14 láàárín ìparí oṣù Kẹjọ sí ọjọ́ ìjàǹbá.

Ní iṣẹ́ ìjọba, a mọ irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń da ìròyìn oṣù tó kọjá kọ, tó ń yí déètì nìkan. Ìwé rẹ̀ ń dé déédéé, ó sì ní òǹtẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi ń mú un ni pé kí a gbé ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹlòmíràn. Ní Buncefield, ìròyìn pé epo ń wọlé wà, ìròyìn pé tánkì kò kún sí i náà wà. Kò sí ohun tó gbé méjèèjì pọ̀ kí ó pariwo. Èrè gidi tó wà nínú fífa àwọn ẹ̀rọ ìwọ̀n àtijọ́ wọ inú kọ̀ǹpútà nìyí, ju kí àwòrán kàn máa tàn lójú tẹlifíṣọ̀n ọ̀gá lọ: kọ̀ǹpútà lè fi ẹnu ẹ̀rọ kan gbá ẹnu èkejì mú, ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, láìsùn. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló máa kọ́kọ́ sọ fún un pé kí ó ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn tì láti ilé-iṣẹ́, tí ẹ mọ géèjì tó máa ń há nígbà òtútù àti èyí tó máa ń purọ́ lẹ́yìn òjò, kò sí ìmọ̀ yẹn nínú kọ̀ǹpútà kankan. Àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí ti wá sí ìpàdé yìí, ẹ pè wọ́n jókòó kí wọ́n tó lọ.

Láti ọdún 2007 ni HART ti ní ẹ̀yà tí kò nílò wáyà. Ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ ara ẹ̀rọ ìwọ̀n tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún 20 tàbí 30 sẹ́yìn. Yóò gbọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí yàrá kò ní etí láti gbọ́, yóò sì fi í ránṣẹ́ lójú òfuurufú, láì fọwọ́ kan wáyà àtijọ́. Bí àkókò àyẹ̀wò bá sì pé, ènìyàn kan yóò ṣì gbé ẹ̀rọ ìdánwò dé ìdí tánkì, yóò fi ìwọ̀n tó dá a lójú ti sẹ́ńsọ̀ náà, yóò sì pe ẹnì kejì rẹ̀ tó wà ní yàrá lórí fóònù, pé: “Èló lo rí níbẹ̀?”